Ẹja Odò Warri: Ǹjẹ́ Ó Dára fún Jíjẹ?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí òwò tàbí iṣẹ́ ìjọba gbé dé ilẹ̀ Warri yìí, tí ẹ ti fi ìlú onílùú ṣe ilé, kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí àjò wa di àbámọ̀. Àmín.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òní dáhùn. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú ìgbà Àwẹ̀, lẹ́yìn Mísà, obìnrin kan nínú ìjọ wa tọ̀ mí wá. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé láti wá tọ́jú rẹ̀ ni. Nígbà tí ìyá náà rí ẹja tútù tí ìyàwó rà ní etí odò, ó ní kí ó gbé e dànù. Ó ní epo rọ̀bì ni ẹja ìlú yìí ń mu, pé irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò yẹ aboyún. Ìyàwó wá bi mí pé, "Fadá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì kì í ṣe ọjọ́ ẹran fún wa. Ẹja inú yìnyín sì ti wọ́n ju agbára wa lọ, nítorí pé bàbá ọmọ kò níṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí. Bí a kò bá jẹ ti odò, kí ni kí a máa jẹ?"

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Fadá ni mo jẹ́, n kì í ṣe oníṣègùn, n kì í sì í ṣe apẹja. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó kan ọmọ inú àti ìkòkò ọbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi "Ọlọ́run á ṣọ́ wa" nìkan dáhùn. Mo lọ ka ìwé, mo bi àwọn tí wọ́n mọ̀ léèrè, mo sì lọ dúró ní etí odò ní kùtùkùtù òwúrọ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja. Ohun tí mo bá bọ̀ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Odò Warri ti ọ̀nà jíjìn wá. Láti agbègbè Utagba-Uno ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ó gba ọ̀pọ̀ abúlé kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kí ó sì tó lọ bá omi Forcados pàdé ní ọ̀nà òkun. Nígbà tí àwọn baba ńlá àwọn Itsekiri, Urhobo àti Ijaw ń dẹ àwọ̀n sínú rẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan ní etí rẹ̀. Ní ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ilé-ìfọpo ní Ekpan. Ní ọdún 1982 ni ilé-iṣẹ́ irin Ovwian-Aladja bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èbúté wà, ọkọ̀ epo ń wọlé, ó ń jáde, ìlú sì fẹ̀ títí ó fi di ohun tí a ń rí yìí. Ẹ sì mọ bí òjò Warri ti rí. Ohunkóhun tí a bá dà sí gọ́tà, ìbáà ṣe ọ́ìlì dúdú ti mẹkáníìkì, bátìrì tí ó ti kú, tàbí ìgbọ̀nsẹ̀, òjò kò ní ṣàì fọ̀ ọ́ lọ sínú odò. Nítorí náà, ìyá ọkọ yẹn kò sọ̀rọ̀ àìgbọ́n. Ẹni tí ó bá ń fura sí odò tí ó la àárín ìlú kọjá kò jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ìfura nìkan kò tó. Ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń fura sí. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, mo rí i pé ewu tí ó wà nínú ẹja ìlú pín sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí iná lè pa, èyí tí iná kò lè pa, àti èyí tí iná fúnra rẹ̀ ń fi kún un. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ àwọn mẹ́ta yìí, ó ti mọ ìdajì ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí iná lè pa. Ìwọ̀nyí ni àwọn kòkòrò àrùn tí ń bá ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ìdọ̀tí wọ inú odò, irú àwọn tí ń fa onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ojú kò lè rí wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè fara da ooru. Bí a bá se ẹja dénú egungun, tí ẹran rẹ̀ funfun tí ó sì ń ṣí kúrò lára egungun fúnra rẹ̀, wọ́n ti kú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń kó àrùn ni ọ̀bẹ àti àwo. A óò fi ọ̀bẹ gé ẹja tútù, a óò sì fi ọ̀bẹ kan náà gé tòmátì tí a kò ní sè. A óò bu omi odò láti fi fọ ẹja tí a ti sè tán. Ẹja kọ́ ni ó jẹ̀bi ní irú ibẹ̀ yẹn, ọwọ́ wa ni.

Èkejì ni èyí tí iná kò lè pa, òun ni ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ gbọ́. Àwọn irin kan wà tí ó jẹ́ májèlé: mákúrì, òjé, àti èyí tí a ń pè ní cadmium. Irin kì í jóná, kì í sì í bá omi ọbẹ̀ gbẹ. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n A. B. M. Egborge ti Yunifásítì Benin fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí odò wa yìí, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1994. Àwọn onímọ̀ mìíràn tẹ̀lé e, wọ́n sì ti bá irú àwọn irin bẹ́ẹ̀ nínú omi, nínú ẹrẹ̀ àti nínú ẹja. Ìwọ̀n tí wọ́n ń bá kì í dọ́gba: ti ibi kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, ti ìgbà ọ̀dá yàtọ̀ sí ti ìgbà òjò, ti ẹja kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Nítorí náà ni ẹni tí ó bá ní gbogbo ẹja Warri ni májèlé, àti ẹni tí ó bá ní kò sí ohun tí ó ṣe ọ̀kankan nínú wọn, fi jọ ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Bí a bá fẹ́ mọ bí májèlé ṣe ń rìn láti inú omi dé inú ọmọ ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìlú kan tí ń jẹ́ Minamata, ní etí òkun ilẹ̀ Japan. Láti ọdún 1932 títí di 1968 ni ilé-iṣẹ́ Chisso fi ń da omi ìdọ̀tí tí mákúrì wà nínú rẹ̀ sínú òkun ibẹ̀. Àwọn ará ìlú rí i pé àwọn ológbò tí ń jẹ àjẹkù ẹja bẹ̀rẹ̀ sí ta gìrì kiri bí ẹni ń jó, wọ́n sì ń kú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1956 ni ọ̀rọ̀ ènìyàn dé etí àwọn aláṣẹ ìlera: àwọn ọmọdé tí kò lè rìn dáadáa mọ́, tí ahọ́n wọn wúwo, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Èyí tí ó bani nínú jẹ́ jù ni ti àwọn aboyún. Àwọn ìyá kan wà tí ara wọn le koko, tí wọn kò mọ̀ pé nǹkankan ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n àrùn náà ti mú ọmọ wọn láti inú oyún. Ẹja náà kò rùn. Kò korò lẹ́nu. Sísè kò dín ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kù. Nítorí ìyà tí ìlú yìí jẹ ni wọ́n ṣe fi orúkọ rẹ̀ pe àdéhùn àgbáyé lórí mákúrì tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọdún 2013, tí Nàìjíríà náà sì wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2018.

N kò sọ pé Warri ti di Minamata. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà ni mo fẹ́ kí a mú. Àwọn baba wa máa ń sọ pé ẹja ńlá ní í jẹ ẹja kékeré. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mákúrì ṣe ń gòkè. Díẹ̀ ni ó wà nínú koríko omi. Ẹja wẹ́wẹ́ jẹ koríko púpọ̀, ó ti pọ̀ díẹ̀. Ẹja ńlá jẹ ẹja wẹ́wẹ́ fún ọdún púpọ̀, ó sì kó ti gbogbo wọn jọ sínú ẹran ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹja tí ó tóbi, tí ó ti gbó, tí ó ń fi ẹja mìíràn ṣe oúnjẹ, bíi ṣáàkì inú òkun, ni ó máa ń ru ẹrù mákúrì jù. Ẹja kékeré tí kì í pẹ́ láyé, bíi ṣawá àti ẹ̀pìyà wẹ́wẹ́, kì í sábà ní púpọ̀. Ẹ ò rí i pé ẹja tí a ń pè ní ti tálákà lè sàn ju ti olówó lọ! Ní ti òjé àti cadmium, inú ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ìfun, àti ohun pupa abẹ́ etí tí ẹja fi ń mí ni wọ́n máa ń pọ̀ sí jù, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ẹran ara rẹ̀.

Epo rọ̀bì tí ìyá ọkọ ń bẹ̀rù wá ńkọ́? Ohun tí mo kà lórí èyí yà mí lẹ́nu. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń mójú tó àyíká, gbé ìròyìn ńlá kan jáde lórí ilẹ̀ Ogoni ní Ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí epo ti ba ilẹ̀ àti omi jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Nisisioken Ogale, wọ́n bá májèlé benzene nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, ní ìwọ̀n tí ó fi ohun tí ó lé ní ìlọ́po 900 ju ti Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ẹja wò, wọ́n rí i pé epo tí ó kù nínú ẹran ara rẹ̀ kò tó ohun tí yóò ṣe ewu ńlá fún ìlera àwọn tí ń jẹ ẹ́. Kí ló fà á? Ẹ̀dọ̀ ẹja lè fọ́ májèlé epo sí wẹ́wẹ́ kí ó sì lé e jáde. Ẹja a sì tún máa sá kúrò níbi tí omi bá ti bàjẹ́. Ìròyìn kan náà wá fi hàn pé àdánù tí ó pọ̀ jù ni ti apẹja: àwọn igi etí omi onígbòǹgbò gíga, níbi tí ẹja ń sá sí tí ó sì ń tọ́ ọmọ, ti kú, ipadò ti bàjẹ́, ẹja ti lọ. Èyí ni pé iṣẹ́ ibi tí epo ń ṣe jù ni kí ó gba ẹja kúrò nínú ìkòkò wa pátápátá.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwáwí o. Ilẹ̀ Ogoni ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe Warri. Lọ́nà kejì, kì í ṣe gbogbo ẹ̀dá inú omi ni ó lè lé epo jáde bí ẹja. Àwọn oníkarahun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi àti òkúta kò lè sá. Ohun tí omi bá gbé wá ni wọ́n ń sẹ́ sínú, agbára tí wọ́n ní láti fọ́ epo kò sì tó ti ẹja. Ẹ má ṣe rà wọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀bá èbúté tàbí ibi tí epo ti dà ni wọ́n ti ṣà wọ́n. Lọ́nà kẹta, Ọlọ́run fún wa ní imú. Ní ọdún kan, wọ́n se ẹja fún èmi fúnra mi, bí mo sì ti ṣí ìdérí àwo, òórùn kẹrosíìnì ni ó kọ́kọ́ kí mi. Ata àti iyọ̀ kò bò ó mọ́lẹ̀. A gbé e dànù. Ẹja tí ó bá ń rùn bí epo, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, kódà bí wọ́n bá fi ta yín lọ́rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a ronú lórí kànga Ogale yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń bẹ̀rù ẹja, a sì ń mu omi kànga ẹ̀yìn ilé tí a kò gbé lọ fún àyẹ̀wò rí.

Ohun mìíràn tún wà tí iná kò lè pa. Ẹ̀yin tí ẹ ti oko kòkó Oǹdó àti Iléṣà wá mọ Gamalin dáadáa. Òun ni wọ́n ń fín sí igi kòkó láti pa kòkòrò. Àwọn apẹja aláìláàánú a máa dà á sínú ipadò kí ẹja lè kú léfòó, kí wọ́n sì kó o láìṣe wàhálà. Lindane ni orúkọ májèlé inú rẹ̀. Ní ọdún 2009 ni wọ́n fi í kún àwọn oògùn tí àdéhùn àgbáyé ti Stockholm ní kí a pa tì. Ọ̀rá ẹja ni ó ń gbé, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀. Òfin wa tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹja tí ó bá kú fúnra rẹ̀ sínú omi, tí kì í ṣe àwọ̀n tàbí ìwọ̀ ni ó mú un, kò yẹ fún jíjẹ. Ní ọdún 2020, nígbà tí òkú ẹja gbá jọ sí etí òkun ní Ìpínlẹ̀ Delta, Bayelsa àti Rivers, àwọn aláṣẹ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ wọ́n. Síbẹ̀, irú ẹja bẹ́ẹ̀ a máa dé ọjà, pàápàá bí wọ́n bá ti yan án. Bí ẹja bá pọ̀ lójijì, tí ó sì pọ́ọ́kú jù, ẹ béèrè ibi tí ó ti wá.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí iná fúnra rẹ̀ ń fi kún un. Èéfín tí ń mú ẹja yíyan dùn ní àwọn èròjà kan nínú tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ bí ó bá pọ̀ jù. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ààrò tuntun kan ní Thiaroye, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rá ẹja máa kán sínú iná, kí èéfín ibi má baà pọ̀. Ẹ má ṣe torí èyí sá fún ẹja yíyan o. Igi gbígbẹ tí a fi yan án kò burú bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó burú ni kí a fi táyà, ike, ọ̀rá tàbí pákó tí a kùn ní ọ̀dà dáná. Ẹja tí ó bá dúdú kirikiri tí èéfín rẹ̀ sì ń ta ni ní ọ̀fun, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ bó awọ rẹ̀ kí ẹ tó sè é. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń wọ́n Sniper sí ẹja gbígbẹ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. NAFDAC ti kìlọ̀ títí lórí èyí. Ní ọdún 2019 ni wọ́n fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà. Ẹja gbígbẹ tí eṣinṣin kan kò bà lé, tí kòkòrò kan kò sì rà lára rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ó lé wọn.

Ẹ má sì ṣe rò pé ẹja inú yìnyín ni ìgbàlà. Títọ́ọ̀sì tí ó ti yọ́ nígbà tí iná lọ, tí wọ́n sì tún gbé padà sínú fìríìsà, a máa ní èròjà kan tí ń mú ojú pọ́n, tí ń mú ara yún ni, tí ó sì ń mú orí fọ́ ni. Iná kò pa òun náà. Ibi gbogbo ni a ti ń la ojú sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan kí n tó padà sọ́dọ̀ aboyún wa. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, pe àwọn onímọ̀ jọ sí Róòmù lórí ọ̀ràn yìí gan-an. Wọ́n fi ewu sí apá kan, wọ́n fi àǹfààní sí apá kejì. Wọ́n rí i pé ẹja ń dáàbò bo ọkàn àgbà, ó sì ń ran ọpọlọ ọmọ inú oyún lọ́wọ́ láti dàgbà. Ìyá tí ó bá sá fún gbogbo ẹja nítorí ìbẹ̀rù lè gba ohun rere kúrò lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Irú ẹja tí ó yẹ kí ó jẹ ni kí ó yàn.

Nítorí náà, èyí ni ìdáhùn tí mo fún un, tí mo sì ń fún yín. Ẹ jẹ ẹja, ṣùgbọ́n ẹ yàn án. Ẹ ra kékeré, kí ẹ má lé ńlá. Ẹ ra èyí tí ó wà láàyè tàbí tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara, tí abẹ́ etí rẹ̀ pupa, tí ara rẹ̀ le. Ẹ yọ ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ohun pupa abẹ́ etí dànù, ẹ má ṣe se wọ́n mọ́ ọbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ irú ẹja kan láti odò kan náà lójoojúmọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, àrọ̀ inú adágún lónìí, ṣawá lọ́la, ẹ̀wà tàbí ẹyin lọ́tùn-únla. Ẹ má ṣe jẹ ẹja tí a pa nínú gọ́tà, ní ẹnu páìpù ilé-iṣẹ́, tàbí níbi tí epo ń tàn lójú omi. Kí àwọn aboyún, àwọn abiyamọ àti àwọn ọmọdé sì kíyè sí èyí ju gbogbo wa lọ.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ ní oníbàárà kan tí ẹ mọ̀. Ní etí odò ní òwúrọ̀ yẹn, mo bi ìyá Urhobo kan tí ń ta ẹja bóyá òun náà ń jẹ nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ọmọ kékeré tí ó jókòó ti agbada, ó ní ohun tí òun fi bọ́ ọmọ òun nìyẹn kí òun tó kúrò nílé. Ó tún sọ ipadò tí ọkọ òun ti pa á fún mi, àti èyí tí ọkọ òun kò ní dẹ àwọ̀n sí mọ́ láé. Ìmọ̀ tí ó wà lórí obìnrin yẹn pọ̀. Ẹ máa bi wọ́n léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọn yóò sọ.

Aboyún wa lọ sílé, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ sì jọ jókòó sọ ọ́. Ìyá àgbà gbà pé kí wọ́n máa ra ẹ̀pìyà kékeré, bí òun fúnra òun bá ti ń tẹ̀ lé e lọ sí ọjà láti yẹ abẹ́ etí ẹja wò. Wọ́n ṣe ìkómọ láìpẹ́ yìí. Ọmọ àti ìyá wà ní àlàáfíà.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a bá dà sínú odò lónìí ni yóò padà sínú àwo wa lọ́la. Ẹni tí ó bá da ọ́ìlì àti bátìrì sí gọ́tà, tí ó sì ń fi gbogbo ẹnu bú ilé-iṣẹ́ epo, kí ó rántí pé ọwọ́ òun náà wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́dàá tí ó fún wa ní odò yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kí Ó bùkún oúnjẹ yín, kí Ó ṣọ́ ọmọ yín, kí Ó sì mú wa pàdé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àmín.